Ògiri Tí Mi Ò Bo Orí Rẹ̀

Òórùn amọ̀ pupa tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bà lé, ara mi kì í gbà á mọ́. Àwọn ẹlòmíràn ní òórùn dídùn ni. Mo mọ aboyún kan ní Òkèrèwè tó máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà nítorí rẹ̀, tí yóò máa fà á símú bí ẹni ń mu ẹ̀kọ gbígbóná. Ní tèmi, bó bá ti kọlu imú mi báyìí, apá mi á rọ, n ó sì dúró gbagidi síbi tí mo bá wà, bí ẹni tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Ìwọ tí ò ń gbọ́ mi, jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ẹnu mi tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí i po: èmi ni mo gbé amọ̀ tútù lé orí amọ̀ tútù. Èmi ni kò bo orí ògiri náà. Òjò kọ́. Gbogbo ẹni tó mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ yìí, láti Ilare títí dé Òkèrèwè, òjò ni wọ́n ń dá lẹ́bi, èmi náà sì ń jẹ́ kí òjò máa ru ẹrù náà lọ láti ọdún náà.

Ọdún tí wọ́n dìbò tí wọ́n sì fagi lé e ni. Irùngbọ̀n mi ò tíì kún nígbà náà. Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Mo fi ẹsẹ̀ kan tẹ girama, mo sì tètè yọ ọ́. Iṣẹ́ tí mo mọ̀ kò ju ti bàbá tó bí bàbá mi lọ, ìyẹn ògiri amọ̀ mímọ. Bàbá àgbà ló kọ́ mi pé amọ̀ kì í gba ìkánjú. A ó wa ilẹ̀ pupa, a ó da omi sí i, a ó fi ẹsẹ̀ pò ó títí yóò fi máa fà bí iyán, a ó sì fi í sílẹ̀ kó sùn. Ìpele ògiri kan kì í ga púpọ̀ ju orúnkún àgbàlagbà lọ. Bí a bá ti mọ ọ́n, a ó dúró. Oòrùn á wò ó, afẹ́fẹ́ á wò ó. Ká tó gbé ìpele mìíràn lé e, a ó fi oríkèé ìka kàn án. Bó bá dún pọ̀, omi ṣì wà nínú rẹ̀. Bó bá dún kó, ó ti dáni lóhùn. "Má kọ́lé lé orí ẹni tí kò tíì dá ẹ lóhùn," bẹ́ẹ̀ ni Bàbá àgbà máa ń wí. Nírọ̀lẹ́, bó ti wù kó rẹ̀ wá tó, a ó fi ewé gbòdògì tàbí imọ̀ ọ̀pẹ dé orí ògiri ní fìlà, nítorí orí ni omi ti ń wọ inú ògiri, bí ọ̀rọ̀ burúkú ṣe ń gba etí wọ inú ènìyàn.

Mo mọ gbogbo èyí. Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ nìyẹn. Kì í ṣe àìmọ̀ ló ṣe mí. Ohun tó ṣe mí ni ìtìjú. Nígbà náà, búlọ́ọ̀kù ni gbogbo ènìyàn ń fi kọ́lé. Àwọn ọmọ tí ń po sìmẹ́ńtì á gun kẹ̀kẹ́ kọjá, wọ́n á rí èmi àti ọ̀rẹ́ mi tí ń po amọ̀ fún mi, amọ̀ á ti dé itan wa, wọ́n á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin amọ̀kòkò! Ìṣaasùn mélòó lẹ ti mọ lónìí?" Ọ̀rẹ́ mi á bú wọn padà, á ní tí orí wọn bá gba amọ̀ òun á bá wọn mọ òmíràn. Ní tèmi, n ó tẹjú mọ́ amọ̀. Ọ̀rọ̀ náà á wọ inú mi lọ jókòó.

Àárín ìgbà yẹn ni Bàbá Katikísì wá mi wá. Katikísì ni wọ́n ń pe ẹni tí ń kọ́ àwọn Àgùdà lẹ́kọ̀ọ́ ìgbàgbọ́, tó sì ń darí àdúrà lọ́jọ́ tí Fadá kò bá lè wá. Bàbá yìí kúrú, orí wọn funfun báláú, ohùn wọn sì tóbi ju ara wọn lọ; bí wọ́n bá ń ṣe Amin, ewúrẹ́ a sá. Kòkó díẹ̀ ni wọ́n ń rí kó lọ́dún. Wọn ò bímọ, àwọn àti ìyàwó wọn ni wọ́n jọ wà, Ìyá la sì ń pe ìyàwó náà, nítorí gbogbo wa ni wọ́n ṣe bí ìyá fún.

Nínú pálọ̀ Bàbá, àwòrán kan wà nínú férémù onígíláàsì, èéfín àtùpà ti sọ ọ́ di àwọ̀ ilẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù kan ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú fìlà gíga rẹ̀ àti ọ̀pá rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbàgà, ó ń rẹ́rìn-ín tí gbogbo eyín rẹ̀ hàn. Lókè orí rẹ̀ ni ẹyẹ ńlá kan na ìyẹ́ rẹ̀ méjèèjì sí bí agbòòrùn. Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ débẹ̀, ọ̀rẹ́ mi ò lè pa á mọ́ra.

"Bàbá, kí ló ń pa Bíṣọ́ọ̀bù yìí lẹ́rìn-ín báyìí?"

"Ó rí ẹsẹ̀ rẹ tí o ò fọ̀ kó o tó wọlé mi ni."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn rẹ̀ fún wa. Wọ́n ní Mẹ́dáàdì Mímọ́ ni, bíṣọ́ọ̀bù nílẹ̀ Faransé láyé àtijọ́ gan-an, kí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ tó mọ ohun tí ń jẹ́ ìbọn. Fadá òyìnbó tó ri Bàbá bọmi ní kékeré, ìlú tí wọ́n sin bíṣọ́ọ̀bù náà sí ló ti wá. Òjò àrọ̀ìrọ̀dá ló ń rọ̀ lọ́jọ́ ìrìbọmi náà, ni Fadá bá ní orúkọ tí ọmọ yìí á máa jẹ́ ti wá fúnra rẹ̀. Mẹ́dáàdì ni wọ́n sọ Bàbá. Nígbà tí Fadá ń padà sílé nígbẹ̀yìn ayé rẹ̀, ó fi àwòrán náà sílẹ̀ fún Bàbá.

"Ọmọdé ni Mẹ́dáàdì nígbà tó fi ẹṣin bàbá rẹ̀ ta arìnrìn-àjò kan lọ́rẹ," Bàbá wí. "Ẹṣin tọkùnrin náà ti kú sọ́nà. Bí ọmọ náà ṣe ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ wá sílé ni òjò dé. Gbogbo ènìyàn ló rin gbingbin. Ṣùgbọ́n ẹyẹ idì kan fò wá, ó na ìyẹ́ lé e lórí, kò sí ẹ̀kán omi kan tó kàn án títí ó fi délé. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé òun làwọn ará ibẹ̀ gbà pé ó ni òjò. Bí òjò bá rọ̀ lọ́jọ́ àjọ̀dún rẹ̀ nínú oṣù kẹfà, wọ́n ní ogójì ọjọ́ ni yóò fi máa rọ̀."

"Bàbá, nílé wa níbí, òjò oṣù kẹfà kì í dúró de ẹni mímọ́ kankan," ọ̀rẹ́ mi fèsì.

Bàbá rẹ́rìn-ín débi pé wọ́n di ògiri mú. Bí mo bá rántí wọn, ẹ̀rín yẹn ni mo kọ́kọ́ máa ń gbọ́.

Ilé àdúrà ni wọ́n fẹ́ kí n bá wọn mọ. Ìjọ wọn kéré, àwọn ìyá arúgbó ló pọ̀ jù níbẹ̀, inú ṣọ́ọ̀bù ẹnì kan ni wọ́n ti ń pàdé, ẹni náà sì ti gba ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ padà. Àwọn ọ̀gá ìjọ ti wí pé bí wọn ò bá ní ilé tiwọn, kí wọ́n máa lọ sí ìjọ ńlá láàárín ìlú. Ọ̀nà náà jìn, àwọn ìyá náà ò lè rìn ín. Bàbá mọ̀ pé bó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ìjọ náà tú nìyẹn, ohun tí wọ́n ti fi gbogbo ayé wọn tọ́jú á sì tú mọ́ wọn lójú. Wọ́n rí ilẹ̀ díẹ̀ gbà lẹ́yìn Ilare, níbi tí a ti ń gbọ́ igbe màlúù láti ọ̀nà Sábó bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ síhìn-ín. Fadá tí ń bójú tó wọn báyìí, ọ̀dọ́ ni, ó ní bí ògiri bá ti dé òkè fèrèsé nígbà àjọ̀dún Mẹ́dáàdì Mímọ́, òun á wá súre sí i lọ́jọ́ náà gan-an, òun á sì gbẹnu sọ fún wọn lọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá.

"Bàbá, ilé Ọlọ́run, ṣé amọ̀ la ó fi mọ ọ́n?" mo bi wọ́n, torí ojú ń tì mí fún wọn.

"Ádámù ńkọ́? Ṣé búlọ́ọ̀kù ni?"

A bẹ̀rẹ̀. Àwọn ìyá arúgbó a máa pọn omi wá, ìkòkò kéékèèké lórí, wọ́n á máa kọrin. Ìpele àkọ́kọ́ jókòó dáadáa lórí òkúta ìpìlẹ̀. Mo kàn án, ó dún kó. Bí oúnjẹ ọ̀sán bá délẹ̀, Bàbá á jókòó sórí òkìtì amọ̀ tì wá, wọ́n á máa bá ìtàn wọn lọ. Wọ́n ní nígbà tí bíṣọ́ọ̀bù náà kú, ọba ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀ gbé òkú rẹ̀ wá sí ìlú tí wọ́n ń pè ní Sọ̀ásọ̀n, ó bẹ̀rẹ̀ ilé ńlá kan lórí sàréè rẹ̀, ọmọ ọba ló sì parí rẹ̀. Ilé àwọn mọ́ńkì Mẹ́dáàdì Mímọ́ lorúkọ rẹ̀, àwọn ọkùnrin tó fi ayé sílẹ̀ ni wọ́n ń gbé ibẹ̀, tí wọ́n ń gbàdúrà tọ̀sántòru. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ọmọ bíbí inú ọba mìíràn dìde sí bàbá wọn, wọ́n mú un lọ sínú ilé náà, wọ́n bọ́ ohun ìjà àti aṣọ oyè lára rẹ̀, wọ́n ní kó kúnlẹ̀ kó ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ sí gbogbo ènìyàn létí.

"Ọba kúnlẹ̀?" mo ní. Ìyẹn wọ̀ mí lára. Nílé wa, ọkùnrin kì í kúnlẹ̀. Ìdọ̀bálẹ̀ ni tiwa, ìkúnlẹ̀ ni ti obìnrin.

"Ó kúnlẹ̀, ó sunkún, ó kà á tán."

"Ṣé Ọlọ́run gbọ́ ọ, Bàbá?"

Wọ́n fa koríko kan tu, wọ́n rò ó díẹ̀. "Ìjẹ́wọ́ tí wọ́n fi ipá gbà lẹ́nu ẹni, ayé ló ń gbọ́ ọ. Èmi ò mọ̀ bóyá ó ń dọ́run."

Mo bi wọ́n léèrè bóyá ilé náà ṣì wà. Wọ́n ní ó ti wó. Ogun wó o, wọ́n tún un kọ́; ìjà ẹ̀sìn wó o; ọ̀tẹ̀ wá kó èyí tó kù. Ohun tó ṣẹ́kù kò ju yàrá abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n sin àwọn òkú sí lọ. Fadá òyìnbó náà wọ ibẹ̀ rí nígbà tó wà lọ́mọdé, ó ní ó tutù bí inú kànga. Bàbá sọ ọ́ bí ẹni pé ilé ẹbí tiwọn ló wó. Wọ́n wá wo ògiri wa, ojú wọn tún mọ́lẹ̀. "Tiwa yìí á wà," ni wọ́n wí.

Àárín ìyẹn ni onílé kan ránṣẹ́ sí mi. Ó ń kọ́ yàrá tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì á máa háyà, búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ńtì pátápátá. Ẹnì kan ló sọ fún un pé ọwọ́ mi tọ́. Ó ní, "Ọjọ́ Mọ́ńdè ni mo fẹ́ rí ẹ ní sáìtì. Tó o bá fẹ́ máa ṣeré amọ̀ lọ, àwọn tí ń wáṣẹ́ pọ̀ bí eèrà." Mọ́ńdè náà ló ṣíwájú ọjọ́ àjọ̀dún Mẹ́dáàdì Mímọ́. Mi ò lè sọ fún Bàbá pé wọn ò ní rí ògiri wọn. Mi ò sì lè jẹ́ kí iṣẹ́ búlọ́ọ̀kù bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo fẹ́ kí àwọn elésìmẹ́ńtì wọ̀nyẹn gun kẹ̀kẹ́ kọjá kí wọ́n rí mi pẹ̀lú okùn àti ìwọ̀n lọ́wọ́. Ìwọ tí ò ń gbọ́ mi, ohun tó kéré tó bẹ́ẹ̀ ni.

Ọjọ́ Sátidé, mo kan ìpele tí a mọ kẹ́yìn. Ó dún pọ̀. Mo tún kàn án níbòmíràn, bí ẹni tí ń wá ẹlẹ́rìí tí yóò gbè é lẹ́yìn. Pọ̀ náà ni. Òjò ọ̀sẹ̀ yẹn ò jẹ́ kó gbẹ. Mo gbé ìpele mìíràn lé e láàárọ̀, mo tún gbé èkejì lé ìyẹn lórí lọ́sàn-án. Ọ̀rẹ́ mi ń ju ìṣù amọ̀ sókè sí mi, ó ń wò mí, ó tún ń ju òmíràn, torí èmi ni ọ̀gá. Nígbà tí oòrùn rọ̀, ògiri ti dé òkè fèrèsé. Ó ga, ó dúró, ó pupa. Ẹni tí kò mọ̀ á yìn ín.

Bàbá jáde wá wò ó. Wọ́n yí i ká. Wọ́n na ọwọ́ sókè, wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ ìpele òkè díẹ̀, àtàǹpàkò náà wọlé, ojú ibẹ̀ sì dúró.

"Ṣé ó gbẹ, ọ̀gá mọlémọlé?"

"Ìsàlẹ̀ ti gbẹ, Bàbá. Òkè nìkan ló ṣì tutù."

Wọ́n wo ojú mi pẹ́. Wọ́n wá wo ògiri náà lẹ́ẹ̀kan sí i, bí ẹni ń wo ọmọ tó ti pẹ́ kó tó dé. "Ọlọ́run á fún ẹ lókun," ni wọ́n wí, wọ́n sì wọlé.

Òkìtì ewé gbòdògì wà nílẹ̀ níbẹ̀, àwọn ìyá arúgbó ló já a wá. Ó rẹ̀ mí, mo fẹ́ lọ wá ẹni tí yóò yá mi ní àwọn irinṣẹ́ bíríkìlà. Ọ̀rẹ́ mi ní, "Ìwọ, ṣé a ò ní dé fìlà fún un ni?"

Mo ní, "Fi í sílẹ̀. Idì Bíṣọ́ọ̀bù á bò ó."

A rẹ́rìn-ín. Ìyá, ìyàwó Bàbá, tí ń bọ̀ pẹ̀lú omi ìfọwọ́ gbọ́ ọ, wọn ò mọ̀ pé àwàdà ni. Wọ́n dúró, wọ́n sì fi gbogbo ọkàn dáhùn: "Amin, ọmọ mi. Á bò ó."

Sọ́ńdè rọlẹ̀, oòrùn ràn. Mọ́ńdè, mo wà ní sáìtì onílé, mò ń fa okùn, inú mi dùn. Lẹ́yìn ọ̀sán ni ojú ọ̀run ṣú láti ìhà oko, atẹ́gùn sì dìde. Àwa sá sábẹ́ páànù. Bí mo ṣe dúró níbẹ̀ ni òórùn náà dé, amọ̀ tútù, ó gba gbogbo sìmẹ́ńtì ibẹ̀ kọjá wá símú mi. Mo mọ̀. Mo ní kí n sáré lọ. Mo tún wò ó pé onílé ń wò mí. Mo dúró.

Òjò ò tíì dá nígbà tí ọ̀kadà gbé ọ̀rẹ́ mi dé. Ó ti rin gbingbin. "Bàbá ti ń bo ògiri," ló ń sọ ṣáá. "Bàbá ti ń bo ògiri."

Àṣé bí òjò ṣe bẹ̀rẹ̀, Bàbá kó ewé gbòdògì mọ́ra, wọ́n gun àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri láti bo orí rẹ̀ kí Fadá má baà bá a ní wíwó lọ́la. Ibi tí mo ti gbé tútù lé tútù ni ó ti yọ̀. Ìpele òkè méjèèjì ló jọ wá, odindi, ó sì gbé Bàbá lọ sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí mo débẹ̀, àwọn aládùúgbò ti ń kó amọ̀ kúrò. Ìyá ń fi ọwọ́ lásán wà á, ìborùn wọn ti já bọ́, wọn ò ké, wọ́n kàn ń mí bí ẹni gun òkè. Ewé náà ṣì wà lọ́wọ́ Bàbá.

A gbé wọn dé ilé ìwòsàn. Àyà ni wọ́n ní ó fọ́ nínú. Ọjọ́ kejì ni àjọ̀dún, òjò sì rọ̀ láti òwúrọ̀. Fadá wá, kò sí ògiri tí yóò súre sí mọ́, ó wá kúkú ta òróró àwọn aláìsàn sí Bàbá níwájú orí. Ó bi wọ́n pé kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an. Mo dúró sí ìdí bẹ́ẹ̀dì, mo di irin rẹ̀ mú.

"Òjò ni, Fadá," Bàbá wí.

Lẹ́yìn tí Fadá lọ, Bàbá ní kí Ìyá lọ wá omi gbígbóná wá. Nígbà tó ku àwa méjèèjì, wọ́n na ọwọ́ sí mi. Mo sún mọ́ wọn.

"Ṣé òjò ń rọ̀?"

"Ó ń rọ̀, Bàbá."

"Ogójì ọjọ́ nìyẹn." Wọ́n fẹ́ rẹ́rìn-ín, àyà ò gbà fún wọn. Wọ́n gbé àtàǹpàkò lé àtẹ́lẹwọ́ mi, wọ́n tẹ̀ ẹ́ bí wọ́n ṣe tẹ ògiri lọ́jọ́ Sátidé. "Ògiri yẹn, ṣé ó dá ẹ lóhùn?"

"Rárá, Bàbá."

"Èmi náà mọ̀. Àtàǹpàkò mi wọlé. Ó wù mí kí Fadá bá a lóòró ni mo ṣe dákẹ́." Wọ́n sinmi. "Òjò ni wọ́n á máa gbọ́ lẹ́nu mi. Mi ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mú ẹ kúnlẹ̀. Ìyókù wà lọ́wọ́ rẹ."

Ìyá wọlé pẹ̀lú omi. Bàbá ò bá mi sọ nǹkan mìíràn mọ́. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n ti lọ.

Bóyá ogójì ọjọ́ ni tàbí kò pé bẹ́ẹ̀, mi ò kà á. Mo ṣáà mọ̀ pé a sin Bàbá nínú òjò, òjò sì ń rọ̀ nígbà tí ìròyìn dé pé wọ́n fagi lé ìbò, tí gbogbo ìlú ń pariwo, tí etí mi ò sì gbọ́. Ògiri tó kù padà di ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo máa ń lọ wò ó. Ìpele àkọ́kọ́, èyí tí mo mọ dáadáa, ló pẹ́ jù kó tó lọ. Òkúta ìpìlẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀ báyìí, ewúrẹ́ ń sùn lórí rẹ̀. Bí mo bá dúró lójú ibẹ̀, mo máa ń ronú kan ilé ọba lọ́hùn-ún tó ku yàrá abẹ́ ilẹ̀. Ogun ló wó ìyẹn. Èmi nìkan tó fún tiwa. Ìjọ náà tú gẹ́gẹ́ bí Bàbá ṣe bẹ̀rù. Àwọn ìyá arúgbó náà gbìyànjú ọ̀nà ìlú fúngbà díẹ̀, wọ́n sì dẹ́kun lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rẹ́ mi tí ń po amọ̀ ti bá tirẹ̀ lọ sí Èkó. Iṣẹ́ búlọ́ọ̀kù ni mò ń ṣe dòní. Mi ò fi ọwọ́ kan amọ̀ mọ́, àyàfi níbì kan.

Ibì kan náà ni ilé Ìyá. Lọ́dọọdún, kí òjò tó le, mo máa ń lọ dí ògiri ilé ìdáná wọn tó ń sán, n ó sì fi ewé gbòdògì bo orí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, títí wọ́n á fi ní ó tó, ṣé mo fẹ́ fi ewé sin ilé ìdáná ni. Wọ́n á sun àgbàdo fún mi. Wọ́n á jókòó tì mí. Wọ́n sì máa ń sọ ohun kan tí mi ò ní láyà láti gbọ́. Wọ́n á ní Ọlọ́run ò fún àwọn lọ́mọ, òjò sì gba ọkọ àwọn, ṣùgbọ́n wọ́n rántí ohun tí mo sọ nírọ̀lẹ́ Sátidé yẹn. "Ìwọ ni idì mi," wọ́n á wí. "Ìwọ lo na ìyẹ́ bò mí." Ọdún kejì lẹ́yìn ikú Bàbá, wọ́n já àwòrán Bíṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ lára ògiri, wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní èmi ni Bàbá á fẹ́ kó jogún rẹ̀. Ó wà nísàlẹ̀ àpótí mi, mo dojú rẹ̀ délẹ̀. Mi ò lè fi í kọ́. Ẹ̀rín yẹn.

Lọ́dún yìí, mo lọ pẹ̀lú ìpinnu. Mo ti kọ́ ọ sórí lójú ọ̀nà láti Òkèrèwè. Ìyá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà nínú atẹ. Dípò kí n dọ̀bálẹ̀ kí wọn, mo kúnlẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò fi ipá mú mi. Mo la ẹnu. Amọ̀ tútù ń rùn láti ẹ̀yìnkùlé, níbi tí wọ́n ti da omi ìfọṣọ sí.

Wọ́n na ọwọ́, wọ́n fọwọ́ bà mí lórí, wọ́n rí i pé orí mi ò sí nílẹ̀. "Háà, ọmọ mi, o kúnlẹ̀ bí obìnrin? Ṣé orúnkún ló ń dùn ọ́ tí o ò lè dọ̀bálẹ̀ mọ́ ni?"

Mo ní, "Orúnkún ni, Ìyá."

Wọ́n gbé ẹ̀wà sílẹ̀, wọ́n wọlé, wọ́n sì mú òrí jáde. Wọ́n rọra jókòó sílẹ̀ níwájú mi, wọ́n fi ọwọ́ tí wọ́n fi wa amọ̀ kúrò lára ọkọ wọn ra orúnkún mi méjèèjì, wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i bí ẹni ń tọ́jú ọmọ ọwọ́. Mo jẹ́ kí wọ́n rà á tán. Mo dúpẹ́. Mo gun ògiri ilé ìdáná, mo bo orí rẹ̀, mo sì lọ sílé.

Gbólóhùn kan péré ni mo jẹ ìyá yìí, ó sì ń wúwo sí i bí ọjọ́ orí wọn ṣe ń lọ. Mo mọ̀ ọ́n sórí. Mò ń sọ ọ́ fún ìwọ tí ọ̀rọ̀ náà kò kàn, nítorí pé ó rọrùn láti sọ ọ́ fún ẹni tí kò ní fi òrí ra orúnkún mi. Ìyá, òjò kọ́.